Omi Òjò Ni Mo Bù Sínú Ìgò Ìjọba

Ọdún tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tí àwọn èèyàn jó láti Ìkirè dé Àpòmù pé àwa náà ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, ẹ fi ọdún kan kún un. Ọdún náà ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi ò mọ nọ́ńbà ọdún. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má béèrè orúkọ mi. Kì í ṣe pé mo ń sunkún o. Mo ti sunkún tán. Inú ló ń bí mi. Ó ń bí mi sí kánsù, ó ń bí mi sí àwọn tó ń ta ilẹ̀, ó ń bí mi sí àwọn ará ilé ọkọ mi, ó sì ń bí mi sí ara mi ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mi ò gbé e mì, mi ò bì í.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé àwọn kan ti ń gé orí ààtàn àdúgbò wa ní púlọ́ọ̀tì, wọ́n ń tà á fún àwọn èèyàn láti kọ́lé. Ìwé kan ni wọ́n fi ń han àwọn tó bá fẹ́ rà á. Wọ́n ní ìjọba ló kọ ọ́, pé ilẹ̀ náà dára, pé omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni ìwé yẹn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí èmi ni mo bu irọ́ náà sínú ìgò.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí.

Ilé wa wà ní ìpẹ̀kun Ìkirè, lọ́nà Àpòmù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe títì ńlá, àwọn tó ṣe é gbẹ́ ilẹ̀ pupa lókè ilé wa, wọ́n sì fi kòtò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòtò tó gba ilé mẹ́wàá. Ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun dé, tí wọ́n ní kí gbogbo ayé máa gbálẹ̀ ní Sátidé ìparí oṣù. Ẹ ó rántí. Ẹni tó bá jáde kó tó di aago mẹ́wàá, sójà á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìlú gbálẹ̀. Ìlú mọ́ tónítóní. Ibo ni wọ́n wá da pàǹtí ọ̀hún sí? Òkè ilé wa!

Wọn ò bi wá. Típà kánsù kàn ń bọ̀ ni, ó ń dà á. Bátìrì mọ́tò tó ti kú, epo dúdú àwọn mẹ́káníìkì, agolo oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó, abẹ́rẹ́ ọsibítù, òkú adìẹ, gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ wọ́n á dáná sí i, èéfín á wọlé bá wa lórí ẹní. Dòdò ni mò ń dín tà nígbà náà. Ọwọ́ kan ni mo fi ń yí dòdò, èkejì ni mo fi ń lé eṣinṣin. Àwọn awakọ̀ tó ń rà á lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá gbé e dé Wásinmi á ní, "Ìyá, ṣé kì í ṣe orí ààtàn lẹ ti dín in?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

A lọ sí kánsù títí, a ò ráyè jókòó. Ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ni wọ́n tó ní àwọn á ti ààtàn náà, àwọn á sì fi ilẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bò ó, wọ́n ní àwọn èèyàn kan á wá láti Òṣogbo láti wádìí ohun tí ààtàn náà ti ṣe sí ilẹ̀ àti omi, kí wọ́n lè mọ irú bíbò tó yẹ kí wọ́n bò ó. Mọ́gàjí ilé wa ló gbọ́ àlàyé yìí ní kánsù. Àbúrò ọkọ mi ni. Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Mọ́gàjí kò ṣàlàyé fún àwa obìnrin. Ó kàn ní, "Àwọn ìjọba ń bọ̀ wá wo àyíká o, ẹ tún ilé ṣe." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ wólé-wólé. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, wólé-wólé á dé nínú ṣòkòtò péńpé kàkí, á wọ yàrá ẹni láìkan ilẹ̀kùn, á ṣí àmù omi, á fi abọ́ funfun bù ú, á gbé e sí oòrùn. Bó bá rí tanwíji kan ṣoṣo tó ń jó nínú omi náà, kóòtù yá. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe mú ìyá ọkọ mi. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ó kúnlẹ̀ níwájú adájọ́ nítorí omi inú àmù rẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ó pe gbogbo àwa ìyàwó ilé jọ. Ó ní, "Láti òní lọ, bí ẹ bá ti rí ẹni tó wọ ṣòkòtò, tó mú ìwé dání, omi tó mọ́ jù nínú ilé yìí ni kí ẹ fi hàn án. Ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ débi tí kò mọ́." Bí a ṣe ń fi ibi tí a ń da eérú sí han ìyàwó tuntun náà ni a ṣe ń kọ́ ọ ní èyí. Ó ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn ará Òṣogbo dé, ìdí ààrò ni mo wà. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí. Wọ́n na okùn gígùn lórí ààtàn, wọ́n ń fi igi tó ní aṣọ pupa lórí gún ilẹ̀ káàkiri, wọ́n ń kọ̀wé. Ìgbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí mi, pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Kànga yín la wá wò. A fẹ́ bu omi rẹ̀ lọ sí Òṣogbo."

"Kí lẹ fẹ́ fi omi wa ṣe?"

"A fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, Màmá."

Yẹ̀ ẹ́ wò! Ohun tí wólé-wólé máa ń wí náà nìyẹn. Omi kànga wa nígbà náà ti ń yí padà. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí omi àgbo, á sì máa rùn díẹ̀. A máa ń jẹ́ kó tòrò kí a tó lò ó. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ mú okùn kànga. Mo pariwo.

"Ó tì o! Fi okùn yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Èmi obìnrin wà nílé, kí àlejò máa fọwọ́ ara rẹ̀ fa omi? Kí ni kí n wí fún ìyá tó bí ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ rẹ ni kí o jókòó, kí o jẹ dòdò. Gbé ìgò wá."

Ó wo òkè. Ọ̀gá rẹ̀ ń bá Mọ́gàjí sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó wo dòdò. Ó gbé ìgò mẹ́ta fún mi. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ fi omi kànga náà ṣan inú ìgò lẹ́ẹ̀mẹta o, Màmá, kí ẹ tó pọn ọ́n kún." Mo ní mo ti gbọ́, kó gbé dòdò rẹ̀ lọ jẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

Mo gba ẹ̀yìn ilé wọ yàrá. Omi òjò ló wà nínú àmù mi, omi tí a gbà láti orí páànù ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe wí, ẹ má rẹ́rìn-ín, omi òjò náà ni mo fi ṣan án. Mo pọn ọ́n kún. Mo gbé e fún un. Ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Ó mọ́ gan-an o, Màmá. Kànga yín náà ni?"

Mo ní, "Kànga náà ni."

Ó kọ nǹkan sára ìgò, ó jẹ dòdò tán, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé mo ti gba ilé ọkọ mi lọ́wọ́ kóòtù.

Ẹnì kan rí mi. Ìyáálé mi ni, ará Orílẹ̀-Òwu, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláró torí pé aró ló ń rẹ. Ìkòkò aró rẹ̀ mẹ́fà wà lábẹ́ àtíbàbà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣí. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Àwa méjèèjì ò gbọ́ ara wa yé láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, ó wí níwájú gbogbo ilé pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà ni ìyàwó yìí fi ń tọ́jú ọkọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ kọjá ààlà ni a fi ń ṣe dòdò Ìkirè. Ẹ̀rín lásán ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé rẹ̀ fún ogójì ọdún. Ẹ rí i bí inú mi ṣe rí.

Ó yọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ìyàwó, ṣé omi àmù lo bù fún ọmọ yẹn?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Wólé-wólé ni wọ́n."

"Wólé-wólé wo ló ń gbé omi lọ sí Òṣogbo? Ṣé wọ́n fẹ́ lọ fi wẹ̀ ni?"

"Bí wọ́n bá rí omi wa, wọ́n á kó wa lọ sí kóòtù."

"Kí wọ́n kó wa lọ! Kí wọ́n sì ru ààtàn náà tẹ̀ lé wa." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí aró rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n pe gbogbo àdúgbò sí ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọn ka ìwé, ẹlòmíràn ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ni a lè gbà bo ààtàn. Bí omi kànga ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti bàjẹ́, wọ́n á gbẹ́ kòtò jíjìn yí i ká ní apá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á fi amọ̀ dí i pinpin kí omi ìdọ̀tí má lè gbabẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún wa síbi tó jìnnà. Bí omi kànga bá sì mọ́, wọ́n kàn máa da ilẹ̀ pupa lé e lórí ni, wọ́n á gbin koríko, ó parí. Ó ní, "A ti yẹ omi yín wò. Ó mọ́. Ó tiẹ̀ mọ́ ju bí a ṣe rò lọ."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́!

Ìgbà náà ló yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mi ò mọ̀. Ní ìdí àmù, mi ò mọ̀. Ní ọgbà ilé ìwé yẹn, mo mọ̀. Ọkùnrin náà béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Mo tún gèlè mi wé. Mo wo ilẹ̀. Mo ń rò ó pé bí mo bá dìde, wọ́n á ní, "Ẹ wo arúgbó tó tan ìjọba jẹ." Ojú ń tì mí. Nítorí ìtìjú ìṣẹ́jú kan, mo jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bínú sí àwọn náà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá mi dá a lóhùn. Kànga tó wà nísàlẹ̀ ààtàn tí wọ́n ti ń da epo àti bátìrì sí fún ọdún gbọọrọ, omi rẹ̀ wá mọ́ bí omi òjò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ pé báwo? Wọn ò padà wá bù ú lẹ́ẹ̀kejì? Ó tẹ́ wọn lọ́rùn ni. Irọ́ mi bá ohun tí wọ́n ń fẹ́ mu. Èmi fi omi òjò fún wọn torí ẹ̀rù, wọ́n gbà á torí kí iṣẹ́ lè tètè tán.

Katapílà dé. Wọ́n bo ààtàn. Wọ́n ri páìpù méjì mọ́ ọn lórí, pé kí atẹ́gùn burúkú inú rẹ̀ máa gbabẹ̀ jáde. Koríko hù. Ó dára lójú bíi pápá bọ́ọ̀lù. Mọ́gàjí gba ìwé náà kan, ó fi ọ̀rá wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ilẹ̀ pupa náà sán. Nígbà tí òjò tún dé, omi wọ ibi tó sán, omi dúdú sì ń sun jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ìyá Aláró ló kọ́kọ́ mọ̀ pé kànga ti kú. Báwo ló ṣe mọ̀? Aró rẹ̀ kọ̀. Yóò ti aṣọ bọ ìkòkò, yóò yọ ọ́, kò ní gbà á, á rí bí eérú. Ó pààrọ̀ ewé ẹ̀lú, ó kọ̀. Ó pààrọ̀ eérú tó fi ń sẹ́ ẹ, ó kọ̀. Ó wá ru korobá lọ sí odò tó wà lọ́nà Àpòmù, ó fi omi odò rẹ aró tuntun nínú ìkòkò kan, ó fi omi kànga rẹ òmíràn, ewé kan náà, eérú kan náà. Ti odò gbà á, ó dú bí òru. Ti kànga kọ̀.

Ó gbé aṣọ méjèèjì, ó lọ tẹ́ ẹ síwájú Mọ́gàjí. Ó ní, "Ẹ wò ó. Omi wa ti kú. Ààtàn yẹn ló pa á."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwádìí tòótọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe lórí ọ̀rọ̀ ààtàn yẹn, òun nìyẹn. Obìnrin tí kò mọ "a" ló ṣe é, pẹ̀lú aṣọ méjì.

Mọ́gàjí ṣí àpótí, ó mú ìwé jáde. "Ìjọba ní ààtàn ò ṣe omi wa ní nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe ààtàn, kí ló wà létí kànga? Aró rẹ ni, Ìyá Aláró."

Àwọn ọmọ inú ilé ti ń họra nígbà náà. Nǹkan ti sú bo ẹ̀yìn wọn, ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe wọ́n. Àwọn ìyá wọn ń bínú, wọ́n ń wá ẹni tí wọn ó bínú sí. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní Ìyá Aláró ń da omi aró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Irọ́ ni. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń dà á sí, níbi tó jìnnà. Èmi tí yàrá mi kọjú sí i, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Mọ́gàjí yíjú sí mi. "Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé o ti rí i tó ń da omi aró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga?"

Kí n tó la ẹnu, Ìyá Aláró ti dìde. "Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ibi tó ti bu omi tó fún àwọn ará Òṣogbo! Omi àmù ló bù! Ojú mi báyìí ló ṣe é!"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Orogún o! Wọ́n bá a nídìí aró, ó gba ìdí àmù lọ." Mọ́gàjí ní kí wọ́n dákẹ́. Ó tún bi mí.

Bí mo bá ní mi ò rí i, wọn ó tún ọ̀rọ̀ ìgò yẹ̀ wò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹrà yẹn náà wà nínú mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Mo ní, "Mo rí i. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń dà á síbẹ̀." Kò tán síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n búra. Èmi fúnra mi ló ní, "Mo fi Àlùkùráánì búra, kànga ni mo ti bu omi yẹn."

Ọlọ́run Ọba gbọ́. Èmi arúgbó, tí mo kírun àárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ ilé gbé òòlù, wọ́n fọ́ ìkòkò aró mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn ìkòkò tó ti lò fún ọdún pípẹ́, tí ìyá rẹ̀ fún un méjì nínú wọn. Aró ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé, ó dúdú mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Kò sunkún. Ó dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó wá síwájú mi. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Yóò sàn ká ní ó gbá mi. Ó ní, "Ìyàwó, o ṣe é." Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Orílẹ̀-Òwu lọ, sílé bàbá rẹ̀. Obìnrin tó ti lo ọdún tó tó àádọ́ta nílé ọkọ.

Ó lọ, aró lọ. Ṣé omi wá dára? Ó burú sí i! Epo ń léfòó lójú rẹ̀. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ mọ́. Nígbẹ̀yìn wọ́n fi páànù bo kànga náà, wọ́n gbé òkúta lé e, gbogbo wa ń lọ pọnmi lódò. Ṣé ẹnì kan nínú ilé yẹn ní, "Ó mà ṣe o, kì í ṣe aró ló bà á jẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ Ìyá Aláró"? Kò sí. Mọ́gàjí ò wí nǹkan. Àwọn tó gbé òòlù ò wí nǹkan. Gbogbo wọn mọ̀, wọ́n ń wo ojú ara wọn, wọ́n ń ru korobá kọjá. Èyí ló ń mú inú mi ru jù. Wọ́n á tètè gbà pé obìnrin burú. Láti wá gbà pé àwọn ṣàṣìṣe, ó di èèwọ̀.

Ìyá Aláró kú ní Orílẹ̀-Òwu lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí.

Ọmọ-ọmọ mi ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró, ó ń wò mí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin mi àgbà wá kí mi, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní òun ti ra púlọ́ọ̀tì méjì nítòsí mi, òun fẹ́ kọ́lé, òun ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, kí n kó wá bá òun gbé. Mo ní níbo? Ó ní lórí pápá koríko lókè. Ó ní kí n má bẹ̀rù, wọ́n ti fi ìwé ìjọba han òun, ó ka ohun tí wọ́n kọ nípa omi rẹ̀ sí mi létí. Omi mi! Omi orí páànù mi! Ó ń kà á fún mi, mò ń gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ sí kánsù ni? Bí mo bá débẹ̀, ta ni n ó sọ ọ́ fún? Àwọn tó mú àwọn ará Òṣogbo wá ti kúrò níbẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ló ń ta ilẹ̀. Wọ́n á ní àrán ń ṣe mí. Ṣé kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá náà, kí n máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá rà á? Ẹsẹ̀ mi ò gbà á tó bẹ́ẹ̀. Mo ti bi àlùfáà léèrè nípa ìbúra èké mi, ó ní kí n bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta bí n kò bá ní i. Mo ti bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ní tìyáálé mi yàtọ̀, pé ẹ̀tọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni, ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ni í. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ta ni n ó wá bẹ̀? Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ̀yin ará Àpòmù, ẹni tó bá ti fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ yín, ẹ má rà á. Ẹ forí jì mí, ẹ má sì rà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe rò ó yìí. Èyí àgbà bínú. Ó ní, "Ìyá, ìjọba ló kọ ìwé yìí, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣé ẹ mọ̀wé jù wọ́n lọ ni?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bu omi."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló béèrè pé kí ni kí àwọn wí bí àwọn ará ilé bá ní ẹ̀sín ni mò ń fà sílé ọkọ.

Mo ní, "Ẹ wí fún wọn pé Ìyá Aláró ò ba omi jẹ́. Ìyá yín ló purọ́ mọ́ ọn, ó sì búra lé e. Ẹ ó mú mi lọ sí Orílẹ̀-Òwu, n ó wí i níwájú àwọn ará ilé bàbá rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ ó sì dúró níbẹ̀ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá lé wa, ká lọ. Àwọn ọmọ yín náà, ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bá mi tún un ṣe."